Mi Ò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Tí ẹ bá dé ìjọ àwọn Yorùbá tó wà ní Stone Mountain ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ní Rẹ̀mílẹ́kún lẹ ń wá, wọ́n á kàn máa wo ara wọn lójú ni. Ṣùgbọ́n ẹ pè é ní Mummy Prayer wò, ọmọ kékeré tí Yorùbá ti ń yọ́ lẹ́nu rẹ̀ pàápàá á fìka júwe rẹ̀ fún yín. Obìnrin náà mọ àdúrà í gbà. Kì í ṣe àdúrà ká tó jẹun là ń wí o. Tó bá ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn tó jókòó á dìde, àwọn tó ti dìde tẹ́lẹ̀ á máa rìn ká, ẹni tí kò sì ní ọ̀tá kankan láyé á sáré wá ọ̀kan, kí òun náà lè rí ẹni ṣẹ́gun.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, arúgbó ló ń tọ́jú. Ìyá Júù kan ní Toco Hills, Miss Estelle lorúkọ rẹ̀, ni wọ́n gbà á fún. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóògùn, tó ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga onítáyà. Ẹni tó ti ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kì í sábà fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yangàn láàárín àwọn èèyàn wa, ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún rí ọ̀nà gbé e gbà. "Ilé ọmọ Ísírẹ́lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́," ló máa ń wí, "ọmọ Ábúráhámù gan-an, kì í ṣe àwa tí wọ́n lọ́ mọ́ igi ólífì." Ẹ sì mọ bí àwọn ìjọ wa ṣe fẹ́ràn Ísírẹ́lì tó. Àsíá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ wọn. Pásítọ̀ Nathaniel ní ìborùn àdúrà tí wọ́n bá a rà bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù, ó sì ní ìwo àgbò kan tó máa ń fọn tí ìsìn bá gbóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró tó ń jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn kò yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú ọgbà.

Nígbà tí Pásítọ̀ wá pinnu pé ìjọ yóò ṣe Ọjọ́ Ètùtù lọ́dún yìí, lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn Júù fúnra wọn ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ta ni kí ó tún pè?

"Mummy Prayer, ẹ̀yin lẹ wà nílé wọn," ló wí fún un lẹ́yìn ìsìn Sunday. "Ẹ bá wa wádìí àdúrà tí wọ́n ń gbà lọ́jọ́ yẹn. On Wednesday, ẹ̀yin lẹ máa lead wa. Mo fẹ́ kó le o. Mo fẹ́ kí ọ̀tá gbọ́ ọ nílé wa ní Nàìjíríà."

Inú Rẹ̀mílẹ́kún dùn. Kí á má parọ́, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wakọ̀ relé lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan tó ti ń yẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà ooru tún yọ orí, ó sì tún tì í padà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Ṣìkẹ́mi àti Jìmí ni. Tọkọtaya náà kò tíì pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ṣìkẹ́mi ló gba físà ọmọ ilé-ìwé, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e wá, wọ́n ń gbé ní Norcross. Jìmí ló ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ. Láràárọ̀ Sunday, á yípo àwọn apátímẹ́ǹtì, á kó àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá àgbà tí kò ní mọ́tò. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí wọ́n yan orin, ó sì máa ń bá wọn kọ ọ́ ní ohùn ẹ̀fẹ̀ bí ẹni tí imú dí.

Ní ìgbà ooru yẹn ni Ṣìkẹ́mi wá sílé Rẹ̀mílẹ́kún lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó jókòó sórí àga, tó bú sẹ́kún. Ó ní Jìmí kò sùn mọ́. Ó ní òun á jí, òun á bá a nílẹ̀ balùwẹ̀ tó ń sunkún, tó ń ní òun kò rí ìdí tí òun fi wà láàyè. Ó ní òun ti gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n dá a dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, pé oògùn wà fún un. Ara rẹ̀ ti ń yá báyìí. Dókítà ní kò sí ohun tó ní kó má wakọ̀.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọbìnrin náà wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, "mi ò sọ ọ́ fún mọ́mì mi pàápàá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jáde. Ẹ kàn máa bá mi gbàdúrà."

Rẹ̀mílẹ́kún bá a sunkún. Omijé tòótọ́ ni. Ó gbá a mọ́ra, ó gbàdúrà sí i lórí, ó sìn ín dé ìdí mọ́tò. Mọ́tò náà kò tíì kúrò ní òpópónà wọn dáadáa tó fi gbé fóònù rẹ̀, tó tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, tó sì fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà.

"Ẹ̀yin ìyá nínú Olúwa, prayer point pàjáwìrì ló délẹ̀ yìí o. Arákùnrin kan ni. Mi ò ní dárúkọ. Ọ̀kan lára àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ wa. Ọ̀tá ti na ọwọ́ sí ọpọlọ rẹ̀, ó ti dé ilé ìwòsàn wọn. Ẹ bá mi ké Jésù lẹ́ẹ̀mejè!"

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀kan lára àwọn. Àwọn wo? Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ìjọ ní, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń wà á.

Àwọn obìnrin náà ké Jésù lẹ́ẹ̀mejè. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó ọmọ wọn kúrò nínú bọ́ọ̀sì. Sister Bíyìí ló bẹ̀rẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa gbé àwọn ọmọ òun fúnra òun, kí àwọn lè máa ka Bíbélì nínú mọ́tò. Òmíràn ní àbúrò òun ń gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá. Àwọn ìyá àgbà rí ẹlòmíràn gbé wọn. Nígbà tó fi di Sunday kan, Jìmí nìkan ló wa bọ́ọ̀sì náà dé, kò sí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún wà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bóyá ó rò pé ó máa yí padà. Lẹ́yìn náà ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Pásítọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà, òun àti ìyàwó rẹ̀ kò sì wá mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ṣìkẹ́mi fi ránṣẹ́ sí Rẹ̀mílẹ́kún: "Aunty, ẹ ṣeun."

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti fẹ́ gún un lọ́kàn, ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹsẹ Bíbélì létí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday, bó ti ń kó àwo oúnjẹ àárọ̀ kúrò níwájú Miss Estelle, ó béèrè ohun tí Pásítọ̀ rán an.

"Ma, ní Ọjọ́ Ètùtù yín yìí, àwọn ọ̀tá wo lẹ máa ń gbàdúrà lé lórí jù?"

Miss Estelle rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ọ̀tá? Remy, kò sí àyè fún ọ̀tá lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni gbogbo àyè kún fún."

Ó ká ọwọ́ rẹ̀ tó ti wú ní oríkèé, ó fi ń lu àyà ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí aláìsàn ń sùn sí. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Gbogbo ìjọ á dìde, wọ́n á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fi ọwọ́ kan àyà sí i: fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti dá níwájú rẹ nípa líle ọkàn wa, fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti dá níwájú rẹ nípa ọ̀rọ̀ ètè wa, fún èyí tí a fi ahọ́n dá, fún òfófó. Ó ní tí ènìyàn bá fetí sílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu ló pọ̀ jù níbẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń ní 'a'?" ni Rẹ̀mílẹ́kún béèrè. "Tó bá jẹ́ pé mi ò ṣe òmíràn níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tó ṣe é lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Tí ó bá ní láti sọ ọ́ lóun nìkan, ìtìjú lè dí i lẹ́nu. Nítorí náà a ń bá a sọ ọ́."

Rẹ̀mílẹ́kún mi orí. Ó ti ń wo bí òun yóò ṣe gbé e kalẹ̀ níwájú ìjọ, bí yóò ṣe dùn tó. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò tíì parí.

"Kò sì kan gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ o. Èyí tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run ni ọjọ́ yẹn ń wẹ̀. Èyí tó wà láàárín ìwọ àti ọmọ ẹnìkejì rẹ, o lè gbààwẹ̀ títí ojú rẹ á fi wọnú, kò ní lọ, àfi tí o bá tọ onítọ̀hún lọ, tí o bẹ̀ ẹ́. Tí kò bá gbà, o tún máa lọ."

"Ṣùgbọ́n, ma, Ọlọ́run lè dárí ohun gbogbo jì."

"Bàbá mi máa ń sọ pé Ọlọ́run kì í fi ohun olóhun tọrẹ," ni Miss Estelle wí. "Ìdáríjì yẹn, ti ẹni tí o ṣẹ̀ ni. Jókòó, Remy. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

Rẹ̀mílẹ́kún jókòó. Miss Estelle ní ṣé ó rántí ìgbà tí apá òun dúdú ní ojú kan, nígbà ìrúwé. Ó rántí. Ìyá náà ní òun ló gbìyànjú láti dìde fúnra òun lọ́jọ́ náà nígbà tí Remy wà ní ilé ìdáná, òun sì fi apá gbá tábìlì. Ojú ti òun láti sọ fún Judith, ọmọ òun, kí wọ́n má baà ní òun ti dàgbà kọjá gbígbé nílé ara òun. Nítorí náà, nígbà tí Judith béèrè, òun ní ọwọ́ Remy ló le.

"Mo ti pe Judith lánàá, mo ti sọ òótọ́ fún un. Ẹni tó gbọ́ irọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ òótọ́. Báyìí, ìwọ ni mo wá bá. Mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́, Remy. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Ó di apá àga mú, ó ń gbìyànjú láti dìde, nítorí pé kò fẹ́ jókòó tọrọ rẹ̀.

Ó wá yé Rẹ̀mílẹ́kún. Nígbà ìrúwé náà, Judith máa ń já wọlé láìpè. Á dúró sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ nígbà tí ó bá ń wẹ ìyá rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní òun kàn wá kí wọn ni. Rẹ̀mílẹ́kún ti fi ṣe ẹ̀rí nínú ìjọ pé ọmọ Júù yìí fẹ́ràn òun débi pé kò lè ṣe kó má wá wo òun. Ìfẹ́ ló pè é. Ó gbé tíì fún un, ó bá a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, nígbà tí obìnrin náà ń fi ojú wá ọgbẹ́ lára ìyá rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ náà ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún ni pé gbogbo wọn mọ ohun tí wọ́n ń wò, òun nìkan ni kò mọ̀.

Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì náà ti dé sí i lọ́kàn. Ó rí Jìmí nídìí ọkọ̀, tó ń wo dígí, tó ń rí àga òfìfo, tí kò mọ ìdí rẹ̀, àbí tó mọ̀ ọ́n.

Ojú tì í. Ojú tì í débi pé kò lè gbé e sókè wo ìyá àgbà náà. Ó wá àwíjàre kan, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé tiwọn yìí irọ́ ni, tèmi kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe irọ́. Òótọ́ ni, wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ ni, ó sì lọ tú u sí ìta. Ewo ló wá sàn nínú méjèèjì?

"Mo dárí jì yín, ma," ló wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà sórí àga. "Ẹ jókòó. Ẹ má dìde fún mi." Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó sì sunkún sídìí ariwo omi náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, dípò kó gba ọ̀nà Stone Mountain, Norcross ló kọrí sí. Ṣìkẹ́mi ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Jìmí wà lórí àga nínú pálọ̀, ó ń ká aṣọ. Rẹ̀mílẹ́kún ju "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ níbẹ̀ yẹn o" sínú ilé, kò sì dúró gba èsì, ojú rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ṣìkẹ́mi jáde sí i lórí àtẹ̀gùn, ó fa ilẹ̀kùn náà mọ́ra.

"Aunty, ẹ ǹlẹ́, ma. Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́?"

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni, Ṣìkẹ́mi. Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ. Èmi ni mo gbé e síta."

"Mo mọ̀."

"Mi ò..." Ó ti fẹ́ ní mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó dé etí ètè rẹ̀, ìyẹn náà sì tì í lójú. "Mi ò ṣe dáadáa. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ṣìkẹ́mi wò ó. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí i láti ẹnu ọ̀nà kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yìí, kò sì pariwo. "Aunty, I trusted you. Gbogbo group lẹ sọ ọ́ fún. Ẹ wá ń bẹ̀ mí lórí staircase, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí yín. Ṣé orí staircase lẹ ti sọ ọ́ ni?"

"Rárá."

"Ibi tí ẹ ti tú u dànù ni kí ẹ ti lọ gbá a."

"Mo máa sọ fún wọn. Mo máa sọ pé ara Jìmí ti yá, pé dókítà ní..."

"Ẹ má sọ nǹkan kan nípa ọkọ mi mọ́!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ohùn ọmọbìnrin náà máa lọ sókè. "Kódà kó jẹ́ good thing. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ nípa ara yín. Ohun tí ẹ̀yin ṣe ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì jókòó." Ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì wọlé.

Ní Wednesday, ìjọ kún. Gbogbo wọn wọ funfun. Pásítọ̀ Nathaniel da ìborùn rẹ̀ bo orí, ó fọn ìwo, ewúrẹ́ náà ké, àwọn èèyàn hó. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé Mummy Prayer lọ́wọ́. Ó wo iwájú rẹ̀, ó rí gbogbo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà ní ìlà kejì, wọ́n ti so gèlè mọ́ ìbàdí nítorí ogun.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," ló wí.

Wọn kò jókòó. Wọ́n rò pé ọ̀nà tuntun ni.

"Èmi yìí ni mo dẹ́ṣẹ̀. Ẹnì kan fọkàn tán mi, ó sọ ọ̀rọ̀ fún mi, mo gbé e fún yín, mo pè é ní prayer point."

"Jésù!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. "Ẹ wo humility!" Àtẹ́wọ́ ta. Oníkíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin ìronúpìwàdà lábẹ́lẹ̀. Pásítọ̀ ń mi orí, ó ní, "Ẹ rí i? Ó ń dúró sí ipò wa bí àlùfáà àgbà ni! Ẹ bá mi kí Mummy Prayer!"

Rẹ̀mílẹ́kún dúró sáàárín àtẹ́wọ́ náà bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára. Ìtìjú tó rò pé òun ń gbé kalẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀yẹ fún un. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ibì kan nínú rẹ̀ ń gbádùn ẹ̀yẹ náà. Ó mọ̀ ọ́n lára. Adùn kan náà tó mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ tó ń tẹ fóònù ni.

"Ẹ dákẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí oníkíbọ́ọ̀dù fi gbé ọwọ́ kúrò. "Kì í ṣe humility. Èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kì í ṣe nítorí àdúrà ni mo fi sọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi pé èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ máa pè mí, pé ẹ máa ní, 'Mummy, ta ni? Ta ni?' Mo sì ṣe é kí ẹ lè mọ ẹni náà láìjẹ́ pé ẹnu mi ló sọ ọ́. Kì í ṣe òun nìkan. Ó ti pọ̀ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí nínú ìjọ yìí. Òfófó ni mo ń ṣe. Mo fi Ọlọ́run bò ó."

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ọmọ kan béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá náà fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó ń rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ àwọn èèyàn kọ̀ọ̀kan létí, tí wọ́n ń ro ohun tí àwọn náà ti bá a sọ rí. Ikú yá ju ẹ̀sín, ni àwọn àgbà wí, lọ́jọ́ náà sì ni Rẹ̀mílẹ́kún mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ náà lélẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó. Pásítọ̀ wú ikọ́, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Jésù, ìwọ̀nba ni wọ́n pa á.

Sister Bíyìí tẹ̀ sí i létí. "Mummy, a ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn now. Ẹ̀yin lẹ tún gbé e dìde."

Èsì kan wá sí Rẹ̀mílẹ́kún lẹ́nu, èyí tó mú, tó sì tọ́, nípa àwọn tó ń ka Bíbélì nínú mọ́tò. Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ Miss Estelle ti gbé e lọ sí sínágọ́gù, iṣẹ́ kò sí. Rẹ̀mílẹ́kún padà sí Norcross láti sọ fún Ṣìkẹ́mi pé òun ti gbá a níbi tí òun ti tú u. Ó kan ilẹ̀kùn. Jìmí ló ṣí i. Ó ti rù díẹ̀, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Aunty."

"Káàárọ̀ o. Ṣé Ṣìkẹ́mi wà?"

"Ó ti lọ sí class, ma."

"Ó dáa, ó dáa. Bá mi sọ fún un pé mo wá." Ó ti yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan àtẹ̀gùn.

"Aunty," ni Jìmí wí lẹ́yìn rẹ̀, "ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ bá èmi sọ ni?"

Ó dúró. Láti ìgbà ooru, ó ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Ó ti bá àwọn obìnrin sọ ọ́. Ó ti bẹ ìyàwó rẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Ọkùnrin náà gan-an, kò tíì bá a sọ gbólóhùn kan. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ó ṣe sí i bí ẹni tí ènìyàn kò lè bá sọ̀rọ̀, bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni kí wọ́n bẹ̀ nítorí rẹ̀.

"Ẹ wọlé, ma," ni Jìmí wí.

Ó wọlé, ó jókòó sí etí àga. Jìmí fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Atẹ́gùn òwúrọ̀ ń fẹ́ wọlé, ariwo mọ́tò ojú títì ń bá a wọlé.

"Ṣé o ò ní ti ilẹ̀kùn ni? Òtútù ń wọlé."

"Mo máa ń fi í sílẹ̀ tí àlejò bá wá báyìí, ma," ni Jìmí wí. "Kí ọkàn wọn lè balẹ̀." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí nílé rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún dìde. Ó lọ ti ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀. Ó padà wá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ọmọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ró lórí pákó ilẹ̀.

"Jìmí, ẹ̀rù rẹ ló bà mí, mo sì kó o ran gbogbo ìjọ. Ìwọ ni mo ṣẹ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Jìmí ní kó dìde, kò dìde. Nígbà tó rí i pé kò ní dìde, òun náà jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò ní òun dárí jì í, kò sì ní òun kò dárí jì í.

"Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́, Aunty?" ló wí níkẹyìn. "Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì. Ṣé wọ́n tiẹ̀ béèrè mi?"

Rẹ̀mílẹ́kún wá wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Wọ́n béèrè rẹ," ló wí. "Àwa la ní kí wọ́n dákẹ́."